Iṣẹ́ Wúrà-Wíwá láàrin Àwọn Ẹrú ‘Mina’ ní Ilẹ̀ Bùràsílì, 1693–1800

1. Ìfáárà

Yorùbá máa ń pa á lówe pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Ẹrù tí ẹrú bá rù, èrè tí ẹrú bá kó jọ, olówó rẹ̀ ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: ta ni ó ni ìmọ̀ tí ẹrú fi ń ṣiṣẹ́? Ìbéèrè yìí ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí. A ó fi ojú ìtàn wo àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsílì, tí a sì fi sẹ́nu iṣẹ́ wíwá wúrà ní agbègbè Minas Gerais ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún.

Ohun méjì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá. Èkínní ni pé a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti Bùràsílì padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. A máa ń sọ nípa ilé tí wọ́n kọ́, oúnjẹ tí wọ́n mú wá, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, àti ìdí tí a fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé orí iṣẹ́ tí a fi àwọn ẹrú ṣe lọ́hùn-ún, ìrèké nìkan ni a sábà máa ń dárúkọ. Èkejì ni pé èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé agbára apá nìkan ni òyìnbó rà nígbà tí ó ra ẹni dúdú. Ìtàn wúrà yóò fi hàn pé èrò yìí kò tọ̀nà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó wá ìdáhùn sí:
(a) Àwọn wo gan-an ni àwọn Potogí ń pè ní ‘Mina’?
(b) Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wúrà, ibo sì ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà ti wá?
(d) Kí ni ó kan ẹrú fúnra rẹ̀ nínú èrè iṣẹ́ náà?
Lẹ́yìn èyí ni a ó wá sọ ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti olùṣèdánwò fi ṣọ́ra.

2. Bí a ṣe rí wúrà ní Minas Gerais

Ọdún 1500 ni àwọn Potogí kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Bùràsílì. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì rí òkè fàdákà ní Potosí ní ọdún 1545, ọkàn àwọn Potogí kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ tiwọn náà kò ní ṣàì ní fàdákà tàbí wúrà nínú. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà kí ọwọ́ wọn tó tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn ará São Paulo, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wọ inú igbó lọ kó àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́rú, ni wọ́n rí wúrà lọ́pọ̀ yanturu láàrin ọdún 1693 sí 1695.

Àlùfáà Jésúìtì kan, ọmọ Ítálì, tí ó ń fi Antonil ṣe orúkọ ìkọ̀wé, kọ ìtàn bí ọ̀kan nínú àwọn odò wúrà náà ṣe di mímọ̀. Ó ní ọkùnrin kan tí ó jẹ́ àdàlù dúdú àti funfun bá àwọn ará São Paulo rìn dé ibi òkè Tripuí. Ọkùnrin yìí sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò láti fi ọpọ́n igi bu omi. Ó fi ọpọ́n náà gbá etí odò, ó sì rí àwọn hóró kéékèèké tí àwọ̀ wọn dúdú bí irin ní ìdí rẹ̀. Wọ́n tà nínú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú ní ìlú Taubaté. Ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó rà á kò mọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí gómìnà ní Rio de Janeiro, àyẹ̀wò fi hàn pé ojúlówó wúrà ni. Ibẹ̀ ni orúkọ Ouro Preto ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘wúrà dúdú’.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí nínú ìtàn yìí. Antonil sọ pé ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà rí, ní Paranaguá àti Curitiba. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ojú tí ó ti rí iṣẹ́ náà rí ni ó fi kíyè sí hóró dúdú wọ̀nyí, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n jẹ́; ẹlòmíràn lè da omi rẹ̀ nù. Ìkejì ni pé Antonil kọ orúkọ ẹni tí ó ra wúrà náà àti orúkọ gómìnà, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ ẹni tí ó rí i. Ọdún 1711 ni a tẹ ìwé náà ní Lisbon. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba Potogí fi gbẹ́sẹ̀ lé e, nítorí pé ó ń la ọ̀nà ibi wúrà fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Bí ìròyìn ti tàn kálẹ̀, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya bo ibẹ̀ láti Bahia, Rio de Janeiro àti ilẹ̀ Potogí pàápàá. Ìyàn mú ní ọdún 1697 sí 1698, ó tún mú ní 1700 sí 1701, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń gbẹ́ ilẹ̀ fún wúrà, kò sí ẹni tí ó ń gbẹ́ ẹ fún oúnjẹ. Láàrin ọdún 1707 sí 1709, àwọn ará São Paulo àti àwọn àjèjì tí wọ́n dé lẹ́yìn wọn bá ara wọn jagun lórí ilẹ̀ náà. Ní 1711 ni a sọ Vila Rica, tí ó ń jẹ́ Ouro Preto lónìí, di ìlú. Ní 1720, Minas Gerais di ẹkùn tí ó ní gómìnà tirẹ̀.

3. Àwọn wo ni ‘Mina’?

Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ìtàn yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú orúkọ ‘Mina’ wò. Ní ọdún 1482, àwọn Potogí kọ́ odi kan sí etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì pè é ní São Jorge da Mina. Wúrà àwọn Akan ni wọ́n bá lọ síbẹ̀. ‘Mina’ ní èdè wọn ni ibi tí a ti ń wa kùsà. Ní 1637, àwọn Dọ́ọ̀ṣì gba odi náà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì kò ti jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Bahia tajà níbòmíràn ju àwọn èbúté tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn lọ, bíi Grand Popo àti Ouidah. Tábà tí a fi oyin ìrèké pa ni wọ́n ń kó lọ, ẹrú ni wọ́n ń rà bọ̀. Nígbà tí wúrà sì ti pọ̀ ní Minas, wọ́n ń fi wúrà pẹ̀lú ra ẹrú ní kọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi àyè gbà á.

Bí orúkọ odi kan ṣe di orúkọ ènìyàn nìyí. Ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ bá ti gbé láti etí òkun yẹn, Mina ni lójú Potogí, ì báà jẹ́ Fọ̀n, ì báà jẹ́ Mahi, ì báà jẹ́ Akan, ì báà sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Mina kì í ṣe ẹ̀yà, kì í sì í ṣe ìlú. Orúkọ èbúté ni.

Ipa wo wá ni Yorùbá kó níbẹ̀? Dahomey ṣẹ́gun Allada ní 1724, ó sì gba Ouidah ní 1727. Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti Dahomey láti 1726, ó sì tó ọdún 1748 kí àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Nínú gbogbo ogun wọ̀nyí ni a ti ń kó ènìyàn, tí a sì ń tà wọ́n. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn tí ń tà. Kò sí iyè méjì pé àwọn tí a ń pè ní Nagô, ìyẹn àwọn tí ń sọ Yorùbá, wà ní Minas. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó àwọn tí èdè wọn bá Fọ̀n àti Ègùn tan. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ tú, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni a tó kó Yorùbá lọ sí Bùràsílì ní ọ̀kẹ́ àìmọye, Bahia ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì wà. Àwọn ni ọwọ́ wọn pọ̀ jù nínú ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835. Ní àkókò yìí, ìgbà wúrà ti kọjá lọ.

4. Ẹ̀rí tí ó wà nínú èdè

Ẹ̀rí kan wà fún ohun tí a sọ yìí tí yóò dùn mọ́ olùkọ́ èdè. Potogí kan tí ń jẹ́ Antônio da Costa Peixoto, tí ó ń gbé ní agbègbè Vila Rica, kọ àkójọ ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn èdè àwọn ẹrú sílẹ̀ ní 1731. Ní 1741, ó tún iṣẹ́ náà kọ, ó sì pè é ní Obra Nova de Língua Geral de Mina, tí a lè túmọ̀ sí Iṣẹ́ Tuntun lórí Èdè Àjùmọ̀lò Àwọn Mina. Kì í ṣe ìfẹ́ èdè ni ó mú un ṣe é. Ó sọ pé bí àwọn olówó ẹrú bá gbọ́ èdè yìí ni, olè jíjà, ìpànìyàn àti àbùkù tí ń bá wọn kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, ó fẹ́ kí olówó gbọ́ ohun tí ẹrú ń sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n ti yẹ ìwé yìí wò, pàápàá Yeda Pessoa de Castro nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 2002, fi hàn pé èdè inú rẹ̀ jẹ́ ti ìdílé Fọ̀n àti Ewe. Èyí kọ́ wa ní ohun méjì. Ó fi hàn pé èdè àwọn ẹrú kò kú ní Minas. Ó gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó fi ń kọ́ ọ. Ó sì tún fi hàn pé kì í ṣe Yorùbá ni èdè tí àwọn Mina ń bá ara wọn sọ jù lọ níbi iṣẹ́ wúrà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo orúkọ tí wọ́n ń pe wúrà. Ní èdè Akan, sika ni wúrà, òun kan náà ni owó. Nínú Fọ̀n àti Ewe pẹ̀lú, sika ni wọ́n ń pè é. Tiwa kò bá èyí jọ: wúrà ni àwa ń pè é. Bí àwọn ará Ouidah àti agbègbè rẹ̀ ṣe ń bá àwọn Akan lo ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́ àmì pé ọ̀rọ̀ wúrà ti bá òwò rìn láti ìhà ìwọ̀-oòrùn dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ọkọ̀ tó kó ẹnikẹ́ni lọ sí Bùràsílì.

5. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ wúrà

Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mọ́kàndínlógún. Orí òtítọ́ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo iṣẹ́ àwọn awáwúrà dúró lé. Bí òjò bá ń fọ òkè, odò a gbé iyẹ̀pẹ̀, yanrìn àti wúrà lọ pa pọ̀. Ibi tí omi bá ti rọlẹ̀, bíi kọ́rọ́ odò tàbí ẹ̀yìn àpáta, ni wúrà ń jókòó sí. Ó sì máa ń rì kọjá yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ títí yóò fi kan àpáta ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kì í gbẹ́ ibi tí ojú rẹ̀ bá ṣáà rí. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ka odò.

Ohun èlò pàtàkì ni ọpọ́n igi kan tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, tí àwọn Potogí ń pè ní bateia. Awáwúrà a bu iyẹ̀pẹ̀ àti omi sínú rẹ̀, a máa fi ọwọ́ méjèèjì yí i po. Èyí tí kò wúwo a máa bá omi dànù léteetí, títí yóò fi ku yanrìn dúdú àti hóró wúrà ní ṣóńṣó ìdí rẹ̀. Ìyá tí ó ń fi omi yí ìrẹsì nínú igbá kí òkúta inú rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Irú iṣẹ́ kan náà ni àwọn tí ń fọ iyẹ̀pẹ̀ wúrà ń ṣe ní ilẹ̀ Ìjèṣà wa.

Àwọn olówó ńlá tí wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹrú a máa sé odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a darí omi gba ibòmíràn kí wọ́n lè gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún máa ń la ojú omi sórí òkè láti fi wẹ iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Wọn a tẹ́ awọ màlúù sí ojú ọ̀nà omi náà, kí irun ara awọ lè há wúrà kéékèèké mọ́ra. Ẹrú ni ó ń ru òkúta, ẹrú ni ó ń wà nínú omi. Ẹsẹ̀ wọn a wà nínú omi tútù láti òwúrọ̀ di alẹ́, oòrùn a sì máa pa orí wọn. Luís Gomes Ferreira, oníṣègùn Potogí tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Minas, kọ ìwé Erário Mineral tí a tẹ̀ ní Lisbon ní 1735. Ó kọ nínú rẹ̀ nípa àrùn tí omi, òtútù àti ibùsùn tí ó tutù ń fà sára àwọn ẹrú wúrà. Ìwé náà tó láti fi yé wa pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú iye tí a fi ra wúrà yẹn.

6. Ìmọ̀ ta ni?

Ní ọdún 1726, Luís Vaía Monteiro, gómìnà Rio de Janeiro, kọ̀wé sí ọba Potogí nípa àwọn Mina. Ó ṣàlàyé pé àwọn ni àwọn awakùsà fẹ́ràn jù, pé òkìkí wọn ti kàn bí oníṣẹ́ wúrà. Ó tún fi kún un pé àwọn ènìyàn gbà pé agbára òkùnkùn ni wọ́n fi ń rí wúrà. Ó ní kò sí awakùsà tí ó lè wà láìní obìnrin Mina kan lọ́dọ̀, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé obìnrin bẹ́ẹ̀ ní oríire wúrà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí lẹ́tà yìí ṣe. Ó jẹ́rìí sí i pé ẹrú mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ náà ni ó sọ ìmọ̀ di oògùn. Bí ẹni funfun bá rí wúrà, a ó ní ó gbọ́n. Bí ẹni dúdú bá rí i, a ó ní èṣù ni ó fi hàn án. Olùkọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ ka irú ẹ̀rí báyìí láìyọ èèpo kúrò lára ọsàn.

Níbo wá ni ìmọ̀ náà ti wá? Àwọn Akan ti ń fọ wúrà nínú odò, tí wọ́n sì ń gbẹ́ kòtò wúrà, kí Potogí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wúrà lẹ́búlẹ́bú ni owó wọn, wọ́n sì ní òṣùwọ̀n idẹ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní apá òkè, ní Bambuk àti Bure, ní ilẹ̀ Málì àti Gínì òde òní, iṣẹ́ àtọdúnmọ́dún ni, àwọn obìnrin sì ni wọ́n sábà máa ń fọ ọ́. Ó yẹ kí èyí mú wa rántí ọ̀rọ̀ gómìnà nípa obìnrin Mina.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Agbègbè Ouidah kì í ṣe ilẹ̀ wúrà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a kó láti ibẹ̀ lè máà tíì fọ iyẹ̀pẹ̀ wúrà rí kí ó tó dé Minas. Àwọn onímọ̀ kan, bíi A. J. R. Russell-Wood àti Eduardo França Paiva, gbà pé ìmọ̀ Áfíríkà kópa pàtàkì nínú iṣẹ́ wúrà Bùràsílì. Àwọn mìíràn sì ń kìlọ̀ pé orúkọ ‘Mina’ lè ti tan olùrà jẹ, tí ó fi rò pé gbogbo ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wa wúrà rí.

Èrò tiwa ni pé òtítọ́ wà lápá méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo Mina ni ó gbé iṣẹ́ wúrà wá láti ilé. Àwọn díẹ̀ gbé e wá, a sì lè rò pé àwọn yòókù kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́n ti ní èdè tí wọ́n lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé olówó gbọ́. Èdè tí Peixoto ń bẹ̀rù nítorí ọ̀tẹ̀, òun kan náà ni èdè tí ẹrú lè fi kọ́ ẹrú níṣẹ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ wúrà náà kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni ó pawọ́ pọ̀ ní i.

7. Owó ọ̀sẹ̀ àti ìràpadà

Kì í ṣe gbogbo ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ lójú olówó rẹ̀. Àwọn kan wà tí a ń pè ní faiscador. Inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí iná tí ń ta pàrà ni orúkọ yìí ti wá, nítorí bí hóró wúrà ṣe ń dán nínú ọpọ́n. Faiscador a mú ọpọ́n rẹ̀, a máa ti odò kan bọ́ sí òmíràn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, a mú ìwọ̀n wúrà tí wọ́n ti dá fún un wá fún olówó. Èyí tí ó bá lé, tirẹ̀ ni. Bí kò bá rí tó, ìyà ń dúró dè é. Níhìn-ín ni òwe wa ti ń yẹ̀: ẹni tó lẹrú kò lè lẹrù tán, nítorí pé bí ẹrú kò bá rí nǹkan kan mú fún ara rẹ̀, kò ní fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá a.

Àwọn obìnrin aláàtẹ tún wà. Wọ́n máa ń gbé oúnjẹ àti ọtí lórí àtẹ lọ sí ibi iṣẹ́ wúrà, wúrà lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n sì ń gbà. Ìjọba ṣòfin léraléra láti lé wọn kúrò níbẹ̀, nítorí wọ́n ní wúrà olówó ni àwọn ẹrú ń kó fún wọn. Bí òfin kan náà ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀kan sí i fi hàn pé wọn kò lọ.

Wúrà tí ó lé yìí ni àwọn kan fi ra ara wọn padà. Ètò kan wà tí a ń pè ní coartação. Olówó àti ẹrú a fẹnu kò lórí iye kan, ẹrú a máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún, títí yóò fi gba ìwé òmìnira. A kò gbọdọ̀ fi èyí wé ìwọ̀fà láìṣàlàyé. Ọmọlúàbí tí kì í ṣe ẹrú ni ìwọ̀fà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó tí a yá. Ẹrú coartação ń fi wúrà ra ara tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ pé òun ni ó ni ín.

Nígbà tí a ka ènìyàn Minas ní ọdún 1786, àwọn dúdú àti àdàlù tí wọ́n ti di òmìnira ju 120,000 lọ, nígbà tí àwọn funfun jẹ́ bí 65,000. Àwọn tí wọ́n ṣì wà lóko ẹrú ju 170,000 lọ. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bá ara wọn rìn. Ọ̀nà òmìnira ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí kò rí i gbà pọ̀ ju àwọn tí ó gbà á lọ. A kò sì ní fi òtítọ́ pamọ́ pé àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ra ara wọn padà ra ẹrú tiwọn náà.

Ọba Potogí pàápàá kò fi ìdí iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún wúrà ni tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní 1725, ilé tí a ti ń yọ́ wúrà tí a sì ń gba ìdá ọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Vila Rica. Láti 1735 sí 1750, a sọ ọ́ di owó orí: oitava 4¾, tí ó tó gíráàmù 17 wúrà, lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ẹni dúdú tí ó ti ra ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ẹrú ń san án lórí ara rẹ̀. Láti òpin 1750, a bu 100 arroba, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílógíráàmù 1,500, lé gbogbo ẹkùn náà lọ́dọọdún. Nígbà tí wúrà ń tán, tí owó náà kò sì dín, ìbẹ̀rù pé a ó fi ipá gba gbèsè rẹ̀ dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ ní 1789. Wọ́n so Tiradentes kọ́ ní Rio de Janeiro ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọdún 1792. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gbogbo ọmọ ilé-ìwé Bùràsílì.

8. Ìtàn Chico Rei

Ní Ouro Preto, ìtàn kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Wọ́n ní ọba kan láti Kóńgò di ẹrú ní Vila Rica, ó fi wúrà ra ọmọ rẹ̀ àti ara rẹ̀ padà, ó ra àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ibi kùsà tirẹ̀. Chico Rei ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tún ní àwọn obìnrin rẹ̀ a máa kó ẹ̀bu wúrà sínú irun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Ifigênia, wọn a sì fọ̀ ọ́ síbẹ̀.

Kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà tí a tíì rí tí ó dárúkọ ọkùnrin yìí. Inú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé tí Diogo de Vasconcelos tẹ̀ ní 1904 ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ fara hàn nínú ìwé. Ṣé kí a wá sọ ọ́ nù? Rárá. Àwa tí à ń kọ́ni ní ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ̀ pé ìtàn lè máà jẹ́ ẹ̀rí fún ẹnì kan, kí ó sì jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe. Ẹrú tí ó fi wúrà ra ọmọ rẹ̀ padà kì í ṣe àlọ́; ìwé òmìnira wà ní Minas tí ó fi hàn. Àwọn tí kò ní orúkọ nínú ìwé ni Chico Rei ń jẹ́ orúkọ fún.

9. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùṣèdánwò

Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ dábàá.

(a) Kí olùkọ́ máa ṣe ìyàtọ̀ láàrin orúkọ èbúté àti orúkọ ẹ̀yà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé Mina jẹ́ ẹ̀yà kan, kò gbà á.

(b) Kí a má ṣe gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé Yorùbá ni ó kọ́ Bùràsílì ní iṣẹ́ wúrà. Ìfẹ́ ohun tí í ṣe tiwa dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ohun ẹlòmíràn ṣe oge. Ohun tí Yorùbá ṣe ní Bahia tó fún wa láti máa fi yangàn.

(d) Kí ìbéèrè ìdánwò máa béèrè ìdí, kì í ṣe ọjọ́ nìkan. Dípò ‘Ọdún wo ni a sọ Vila Rica di ìlú?’ a lè béèrè pé ‘Kí ni ó fà á tí olówó fi gbà kí ẹrú mú nínú wúrà tí ó bá rí?’

(e) Kí a lo ìtàn yìí láti fi kọ́ni ní ìlò èdè pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ láàrin ẹrú, ìwọ̀fà àti ẹni tí a rà padà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pò mọ́ra wọn.

10. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn ẹrú tí a ń pè ní Mina kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo, pé àwọn tí èdè wọn bá Fọ̀n tan ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn ní Minas, àti pé Yorùbá wà láàrin wọn láìjẹ́ pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. A tún ti rí i pé olówó ẹrú mọ iyì ìmọ̀ tí ó rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ni ó pè é. Ọ̀nà tí ẹrú fi ra ara rẹ̀ padà gba orí ìmọ̀ yìí kọjá. Nítorí náà, òtítọ́ ni pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí àti lọ́wọ́ ẹrú kò sí lára ẹrù náà. Wúrà Minas ti fọ́n ká: ó lọ sí Lisbon, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ ẹni tí ó rí wúrà ní etí odò Tripuí kò sí nínú ìwé Antonil. Ó kéré tán, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ níbi wúrà rí.